Sinimá Ìbejì Alágbára ní Akébé

Òórùn igi okumé tí òjò pa ni mo fi ń rántí Akébé, àdúgbò wa ní ilẹ̀ Gàbọ́ọ̀nù. Pákó rẹ̀ ni wọ́n fi kan ilé wa, òwúrọ̀ tí òjò bá sì rọ̀ mọ́jú, ńṣe ni gbogbo ilé ń rùn bí ẹni pé àná ni wọ́n gé igi náà nínú igbó. Gàbọ́ọ̀nù ò tíì gba òmìnira pẹ́ nígbà náà. Aṣọ ni ìyá wa ń tà lọ́jà. Ìyá Ìbejì ni gbogbo ọmọ Yorùbá ibẹ̀ ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi Kẹ́hìndé nìkan ló ń tẹ̀ lé e kiri.

Táíwò lọ sọ́jà. Ohun tí wọ́n sọ fún mi láti kékeré nìyẹn: ó lọ ra iyọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹnu wa kì í sọ ọ̀rọ̀ ikú létí ìbejì tó ṣẹ́ kù, kí òun náà má baà tẹ̀ lé èkejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún mi pé àṣà ni? Inú Táíwò ló ń bí mi. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo rán an ṣáájú wá sáyé. Irú ìránṣẹ́ wo ló ń pẹ́ lọ́jà tó báyìí? Ìyá wa pàápàá ti ra iyọ̀ míràn, kò dúró dè é.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè kan, sinimá kan dé gbọ̀ngàn onípáànù tó wà nítòsí wa. Òjò ti ya bébà tí wọ́n fi polówó rẹ̀, n kò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Àwọn ìyá wa mú mi lọ, nítorí wọ́n gbọ́ pé ìbejì alágbára ló wà nínú rẹ̀. Ìyá wa ló ń túmọ̀ fún wọn. Faransé tó gbọ́ kò ju ti ẹni tó ń tajà lọ, ṣùgbọ́n ó mọ àlọ́ pa, wọn ò sì béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbogbo ẹni tó wo fíìmù yẹn ló bú u. Wọ́n ní okùn tí wọ́n fi so ẹni tó ń fò hàn. Òótọ́ ni, okùn hàn. Wọ́n ní ìjà ò pọ̀. Ìyẹn náà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbèjà rẹ̀ díẹ̀. Ó máa ń rẹ àwọn alágbára inú rẹ̀. Èyí tó ń fi ọwọ́ kan gbé ọkọ̀ akẹ́rù á jókòó, á ní kí wọ́n bu omi fún òun. Èyí tó ń fò kì í fò ju òrùlé lọ, ìyá rẹ̀ sì ń bá a wí pé ó ń dẹ́rù ba adìẹ òun. Ìyá wa fẹ́ràn ìyẹn. "Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ," ló wí fún àwọn obìnrin, bí ẹni pé inú fíìmù ni wọ́n ti sọ ọ́.

Odò wá kún. Afárá fẹ́ wó, àwọn ọmọ iléèwé sì wà lórí rẹ̀. Ìbejì tó lágbára wọ inú omi lọ, ó fi èjìká gbé afárá dúró títí gbogbo wọn fi kọjá. Òun fúnra rẹ̀ ò jáde mọ́. Ìyá wọn dúró létí odò, ó kọjú sí èyí tó ń fò, ó ní, "Il est mort."

Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn níléèwé. Nígbà tí ajá inú ìwé wa kú ni wọ́n lò ó.

"Kí ló wí, Ìyá Ìbejì?" ni àwọn obìnrin ń béèrè.

Ìyá wa dáhùn: "Ó ní ó lọ sọ́jà."

"Ọjà kẹ̀?" Ìyá Ràfíù, ará ilé wa tí ẹnu rẹ̀ ò ní bíréèkì, bú sẹ́rìn-ín. "Ọjà wo ni wọ́n ń ná lábẹ́ omi? Ṣé ẹja ló fẹ́ rà ni?"

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ojú ẹnì kan bọ́ sára mi, ẹ̀rín sì gbẹ lẹ́nu gbogbo wọn. Ìyá Ràfíù tún gèlè rẹ̀ wé. "Kẹ́hìndé ọkọ mi," ó ní, "èmi ò kúkú gbọ́ Faransé o."

Mo mọ̀ nígbà náà irú ọjà tí Táíwò lọ. Gbogbo ìbínú tí mo ti ń bá Táíwò bí ya lù mí. Ìyá wa a máa sọ pé gbogbo ohun tójú bá rí kọ́ lẹnu ń sọ. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé bí mo bá béèrè ohun tó wà lọ́kàn mi, yóò ní láti fi Yorùbá sọ ọ́. Mo wá béèrè òmíràn.

"Ṣé ọjà náà jìn?"

"Ó jìn," ó ní. "Máa wo sinimá."

Mo sì wò ó. Ibi tó kàn ni àwọn èèyàn ti ń súfèé pé kí wọ́n yí i kíákíá. Ìbejì tó kù jí láàárọ̀, ó jẹun, ó gbìyànjú àtifò, kò ga ju orúnkún lọ. Ó tún gbìyànjú. Kò sí orin, kò sí ọ̀tá tí yóò pa gbẹ̀san. Mo ti wo fíìmù alágbára púpọ̀ láti ìgbà náà, àwọn tí wọ́n ti ń wó òkè lulẹ̀. N kò tíì rí òmíràn tó mọ̀ pé agbára ẹni tó ṣẹ́ kù máa ń dín, àti pé ìwọ̀nba agbára tó kù náà ni yóò fi ṣiṣẹ́ òòjọ́.

Bí a ti ń lọ sílé, mo di ọwọ́ ìyá wa mú. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà rò pé òun ló ń fi ìdákẹ́jẹ́ dáàbò bo ìyá òun. Àgbà tí mo dà ti bí àwọn ọmọ tirẹ̀, ó sì ti rán wọn níléèwé Faransé. Mo ti wá mọ̀ pé ìyá tó máa ń ní kí n ka ìwé mi sókè fún òun kò lè ṣàìmọ̀ pé mo gbọ́ ohun tí obìnrin yẹn sọ. Ó mọ̀ kó tó túmọ̀ rẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ gbé ọ̀rọ̀ náà relé, a ò sì bi ara wa bóyá ó wúwo.