Àwọn Lẹ́tà Tí A Pa Orúkọ Rẹ́ Lára Wọn

Ní ọdún tí owó epo rọ̀bì wó lulẹ̀ ní Calgary, tí àwọn ọkọ̀ ńlá ilé iṣẹ́ epo dúró gbagidi nínú ọgbà tí snow ń kó jọ lé wọn lórí, ni mo ṣe ìwọ́de kan ṣoṣo tí mo dá nìkan ṣe láyé mi. Àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń bi mí bí a ṣe ń bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ nílẹ̀ yìí rò pé ìtàn ìṣẹ́gun ni mo ní láti sọ. N kò ní i. Ohun tí ojú mi rí ni mo ń kọ síhìn-ín, bó ṣe rí gan-an.

N kò kàwé kọjá girama, ṣùgbọ́n kí n tó kúrò nílé, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà. Mo mọ bí ohùn ọgọ́rùn-ún mẹ́rin ènìyàn ṣe ń dún lẹ́nu géètì. Ní Calgary, sítóò ni mo ń tọ́jú ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwọn irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga epo. Nígbà tí owó epo já, wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ìbéèrè wa fún PR, ìwé àṣẹ láti máa gbé Kánádà títí láé, ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba, a kò sì tíì gbọ́ ìpinnu wọn.

Láàárín ìgbà náà ni Ìbùkún, àkọ́bí wa, rí ààyè gbà láti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó béèrè fún lóònù tí ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́. Ìdáhùn wọn kò ju ìlà mẹ́ta lọ: ọmọ ilẹ̀ Kánádà, ẹni tó ti ní PR, àti ẹni tí wọ́n ti gbà gẹ́gẹ́ bí asásálà nìkan ló tọ́ sí. Ẹni tó ń retí PR kò sí níbẹ̀. Bí kò bá sì rí lóònù náà kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé, ààyè rẹ̀ máa di ti ẹlòmíràn.

“But I've been here since grade eight,” ni ó wí. Ó wọ yàrá rẹ̀ nínú basement, abẹ́ ilé onílé, tí a ń gbé ní àdúgbò Cityscape, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ì bá sàn fún mi ká ní ó gbá a.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe àwa nìkan. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́wọ́? Láàárín àwa Yorùbá apá northeast, o lè mọ àìsàn tó ń ṣe ìyá ẹnìkan nílé, o lè mọ ohun tó bá ìyàwó rẹ̀ jà lé lórí, o kò ní mọ̀ bóyá PR rẹ̀ ti dé. Èmi tilẹ̀ ṣe ju ìyẹn lọ. Nígbà tí ìjọba kọ̀wé pé àwọn ti rí ìbéèrè wa gbà, ìyàwó mi ní ká ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. A jó lọ síwájú. Gbogbo ènìyàn rò pé PR ló dé. Wọ́n kí wa kú oríire, a sì ní a dúpẹ́. N kò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ àwa Yorùbá ní àdúgbò Cornerstone, mo dìde. Mo ní kí a lọ dúró níwájú ọ́fíìsì aṣòfin wa ní ọjọ́ Ẹtì, kí a béèrè pé kí wọ́n ka àwọn ọmọ tó ń retí PR mọ́ àwọn tó lè gba lóònù. Ẹ̀gbọ́n Débọ̀, alága wa, fi ojú òkè gilásì wò mí.

“Bàbá Ìbùkún, ìwọ tí PR tìẹ ti dé, kí ló tún wá ń jẹ ọ́ níyà?”

“Ẹ̀gbọ́n, nítorí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni.”

“Áà! O ò ṣe kúkú dupò aṣòfin náà?”

Ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo gbé bébà kan káàkiri, ènìyàn mọ́kànlá sì kọ orúkọ pé àwọn yóò wá.

Lọ́jọ́ Ẹtì náà, mo wọ train, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo dé ibẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo gbé páálí tí mo kọ ẹ̀bẹ̀ wa sí sókè. Aago mẹ́wàá lù. Aago mọ́kànlá lù. Kò sí ẹnìkan tó dé. Ọkùnrin kan tó ń fa ajá kọjá bi mí bóyá ilé oúnjẹ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni mò ń polówó fún.

Nígbà tó yá, Ṣadé, ọ̀kan nínú àwọn mọ́kànlá náà, wa ọkọ̀ rẹ̀ dé. Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó sọ fèrèsé sílẹ̀ díẹ̀.

“Bàbá Ìbùkún, ẹ máa lọ sílé, òtútù yìí á ṣe yín léṣe. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀.”

“Ṣebí ẹ kọ orúkọ.”

“A kọ ọ́ kí ojú má bàa tì yín ni. Ẹ̀yin lẹ ní PR o. Tí wọ́n bá ya fọ́tò wa níbí, fáìlì tiwa ni wọ́n máa gbé jù nù, ẹ̀yin á sì délé, ẹ ó sùn.”

Mo sún mọ́ fèrèsé náà. “Ṣadé, tiwa náà ò tíì dé.”

Ó wò mí. “Ẹ ṣe thanksgiving!”

“A ṣe é.”

“Ẹ jó!”

“A jó.”

Mo rò pé yóò pa ọkọ̀, kó sì sọ̀ kalẹ̀. Ó yí fèrèsé rẹ̀ sókè, ó lọ.

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Mo ní kí àwọn ènìyàn wá bọ́ra sílẹ̀ lójú títì, èmi tí mo ń pè wọ́n sì wọ agbádá. Mo dúró títí di aago kan, nítorí aago kan ni mo sọ pé a ó parí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bá àpò ìwé kan lẹ́nu ọ̀nà, mo sì dá ọwọ́ ìkọ̀wé Ṣadé mọ̀ lára rẹ̀. Ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ọmọ Ṣadé ló wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà bíi ti Ìbùkún, wọ́n sì ti fi tádàá dúdú pa orúkọ ọmọ náà rẹ́. Òmíràn dé, òmíràn tún dé. Wọ́n pé mẹ́fà. Kò sí ọ̀kan tó ní orúkọ.

Mo kó wọn lọ sí ọ́fíìsì aṣòfin. Ọmọbìnrin akọ̀wé tó wà níbẹ̀ fi sùúrù yẹ̀ wọ́n wò. Ó ní aṣòfin lè béèrè ọ̀rọ̀ ẹnìkan lọ́wọ́ ìjọba, kò lè béèrè ọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí. “Orúkọ kan péré, sà. Ọ̀kan ti tó.”

Mo sọ ọ́ fún Ìbùkún nílé. Abọ́ ló ń fọ̀, kò wẹ̀yìn.

“Use mine.”

“Ṣé o mọ ohun tó lè ṣe fún fáìlì wa?”

“Daddy, I'm not ashamed. Use mine.”

“Ìbùkún, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú.”

“Then what is it?”

Ó nu ọwọ́, ó lọ mú lẹ́tà rẹ̀ wá, ó gbé e sọ́wọ́ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tó ti jáde, mo jókòó sídìí tábìlì. Mo ro ti àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì. Mo ro ó pé bí wọ́n bá tìtorí èyí dá wa padà, èmi ni mo fà á. Mo mú tádàá dúdú, mo sì fà á kọjá lórí orúkọ ọmọ mi lẹ́ẹ̀mejì, kó lè ṣú dáadáa. Mo gbé lẹ́tà keje náà lọ sí ọ́fíìsì. Nígbà tí Ìbùkún bi mí nírọ̀lẹ́, mo ní mo ti fún wọn.

Aṣòfin fèsì, ojú ewé kan: ó kẹ́dùn, ó dúpẹ́. Ìbùkún pàdánù ààyè rẹ̀. Ó ta kọfí ní ibùdókọ̀ fún ọdún kan àti oṣù mẹ́rin kí PR wa tó dé, kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni lónìí.

Bí ẹ bá bi mí ohun tí a rí gbà, òfin náà wà bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n Ṣadé ti ròyìn káàkiri pé PR tiwa kò tíì dé, nígbà tí a sì tún pàdé, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tán, Ẹ̀gbọ́n Débọ̀ wúkọ́, ó ní, “Tèmi náà ò tíì dé.” Ẹnìkan tún sọ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ẹlòmíràn. Lónìí, a máa ń sọ ọ́ fún ara wa. Ìyẹn ni a rí gbà. Ohun tó lọ ni ọdún kan àti oṣù mẹ́rin nínú ìgbà èwe ọmọ mi.

Gbèsè tó ṣẹ́ kù, èmi ni mo jẹ ẹ́. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá péjọ, wọ́n máa ń pe Ìbùkún kó bá wọn sọ̀rọ̀. Á dìde, á gbé orí sókè, á ní òun fi orúkọ òun síwájú ìjọba nígbà tí ẹ̀rù ń ba gbogbo ènìyàn, ìjọba sì rí i, wọ́n kàn kọ̀ ni. Wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń jókòó sí, n kì í sì í sọ̀rọ̀. Ó ń ka Yorùbá díẹ̀díẹ̀ báyìí. Ìbùkún, bí o bá kà á dé ibí, ìjọba kò rí orúkọ rẹ rí.