Ẹ̀wà tí Ṣàkírù Jẹ ní Saigon

Wọ́n ní Ṣàkírù ti jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ìdí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn mọ́sálásí ní Asawase, ní Kumasi ilẹ̀ Ghana, ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn obìnrin tó ń pọnmi. Kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ náà, ó ti dé ọ̀dọ̀ aránṣọ, ó ti dé ìdí ìkòkò ẹlẹ́kọ, ó sì ti rìn dé Sawaba, níbi tí àwọn àna rẹ̀ ń gbé. Kì í ṣe pé ó jẹ ẹ́ lásán o. Wọ́n ní ó jẹ àwo mẹ́ta, ó sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Àwa tí a mọ̀ ọ́n láti kékeré gbà á gbọ́ dé ìdajì. Ìdajì tó kù la fi ń sọ astagfirullah, nítorí ẹni tó bá fẹ́ tọrọ àforíjì fún ọmọnìkejì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yékéyéké.

Ohun tó dun Ṣàkírù jù ni pé àwo mẹ́ta jẹ́ òótọ́. Fọ́tò náà jẹ́ òótọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sì fi í ránṣẹ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, tó ta aago àti bátìrì ní Kumasi títí ọlọ́jọ́ fi dé. Asawase ni wọ́n bí Ṣàkírù sí, ibẹ̀ náà ló ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa la kajú wò fún ilé iṣẹ́ kan lọ́nà Tafo tó ń kó kajú ránṣẹ́ sókè òkun. Bí wọ́n bá gbé àpò kajú dé, á bu díẹ̀ níbẹ̀, á fi irin la èso náà níkọ̀ọ̀kan, á to èyí tó dára sọ́tọ̀, èyí tó jẹrà sọ́tọ̀, èyí tó ṣófo sọ́tọ̀. Epo inú èèpo kajú ti jó gbogbo orí ìka rẹ̀ dúdú. Bó bá ní ẹrù kan kò dára, ó tán nìyẹn, kí ọkọ̀ tó gbé e wá yí orí padà.

Iṣẹ́ yìí ti gbé e dé Abidjan, ó ti gbé e dé Parakou. Àwọn ìlú wọ̀nyẹn kò ni èèyàn lára. Èèyàn á gbọ́ ìpè ìrun, á tẹ̀lé ohùn náà, á sì bá ìrẹsì àti ẹran àgùntàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Àfi ti Vietnam. Àwọn oníbàárà wọn níbẹ̀ ló kọ̀wé pé kajú tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ti bu. Ilé iṣẹ́ wá ní kí Ṣàkírù lọ là á níṣojú wọn. Wọ́n fi Godfred tó jẹ́ akọ̀wé tì í. Ọmọ Kumasi ni Godfred, onígbàgbọ́ ni, aláwàdà tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀, kò sì sí ohun tó ń rìn lórí ilẹ̀ tí kò lè jẹ.

Saigon dùn ún wò, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ọ̀kadà ibẹ̀ pọ̀ bí eèrà, kò sì sí èyí tó ń bú ìkejì. Ojú títì ni wọ́n ti ń jẹun, lórí àga oníke kékeré tó jẹ́ pé orúnkún Ṣàkírù ń kan àyà rẹ̀ bó bá jókòó sí i. Omi ẹja tí wọ́n ń wọ́n sí oúnjẹ ń rùn bíi mọmọni, ẹja oníyọ̀ kíkan tí wọ́n ń tà ní ọjà wa níbí, inú rẹ̀ sì kọ́kọ́ dùn, nítorí òórùn ilé ni. Lọ́jọ́ kejì, ó gbọ́ òórùn ẹfinrin, ẹfinrin gidi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré tẹ̀lé e. Ìgbà tó débẹ̀, orí ọbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n já a lé.

Bó ṣe rí nìyẹn lójoojúmọ́. Lórí ìrẹsì, ẹlẹ́dẹ̀. Nínú búrẹ́dì, ẹlẹ́dẹ̀. Ó ra ẹyin dídín, ó tú u wò, ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní mọ́sálásí wà láàárín ìlú, oúnjẹ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n kó kajú sí àti ilé tí wọ́n fi àwọn wọ̀ sí jìnnà síbẹ̀ tó wákàtí méjì. Shito, ata dúdú tí Ùmmúkùlsùm ìyàwó rẹ̀ dín fún un, pápákọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti gbà á, torí ó gbé e sínú àpò ọwọ́. Gàrí tán lọ́jọ́ kẹta. Ó wá ku ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹyin sísè fún un. Láàárọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹyin. Lálẹ́, ẹyin àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Godfred á jókòó síwájú rẹ̀, á máa fa egungun mu, á ní, "Mallam, ìlú tó dáa báyìí, o kàn ń wò ó lójú."

Lọ́jọ́ kẹfà ni ọmọbìnrin tó ń túmọ̀ èdè fún wọn rí i pé ṣòkòtò rẹ̀ ti ń yọ̀. Ó mú un lọ sí ilé oúnjẹ kan tí ẹran èyíkéyìí kì í wọ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn kan níbẹ̀ kì í jẹ ẹran, ilé tiwọn ni. Àwo tí wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú Ṣàkírù, ṣe ló tì í padà. Ẹlẹ́dẹ̀ ni. Awọ rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ọ̀rá funfun wà nísàlẹ̀ awọ, ẹran wà nísàlẹ̀ ọ̀rá. Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó mú un wọ ilé ìdáná. Ṣàkírù rí ẹ̀wà soya tí wọ́n rẹ sínú bàsíà. Ó rí ìkòkò tí wọ́n ti ń sè é, ó rí wọn bí wọ́n ṣe ń ká ohun tó ń dì sójú omi rẹ̀, tí wọ́n ń tò ó lé ara wọn, tí wọ́n ń fún un pọ̀, tí wọ́n ń kùn ún. Síbẹ̀ náà, ó yọ irin kajú rẹ̀ lápò, ó la ẹran náà sí méjì, ó wo inú rẹ̀ bí ẹni wo ẹrù tí kò dá a lójú. Ẹ̀wà ni. Godfred ní òun ò lè wọkọ̀ òfuurufú kọjá òkun wá jẹ ẹ̀wà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ṣàkírù jẹ àwo kan, ó jẹ ìkejì, ó jẹ ìkẹta. Ayọ̀ wá ṣe é bí ọmọdé, kí ìkẹta tó tán, ó ya fọ́tò ara rẹ̀ pẹ̀lú àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fi í ránṣẹ́ sí ojú ìwé àwọn ẹbí lórí fóònù: "Alhamdulillah, mo yó lónìí."

Kò kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ebi kò jẹ́ kó rántí pé ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni yóò wò ó.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán an parí sí ire. Ó la kajú níṣojú wọn fún ọjọ́ mẹ́rin, ó sọ fún wọn pé apá kan bu lóòótọ́, apá kan kò bu. Wọn ò gbọ́ èdè rẹ̀, wọ́n wo ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbà. Ìgbà tó padà dé Kumasi, Mùnírà ọmọ rẹ̀ ti bí ọkùnrin fún Mahfuz ọkọ rẹ̀, àkọ́bí rẹ̀, ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́ fún Ṣàkírù. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, kò sí àkíkà ìsọmọlórúkọ kan nínú agbo ilé yẹn tí kì í ṣe ọwọ́ Ṣàkírù ló mú ọ̀bẹ. Ti ọmọ àjèjì pàápàá, ó ń bá wọn dúńbú àgbò. Àgbò ọmọ-ọmọ tirẹ̀ wá dé, wọ́n ti so ó mọ́ ìdí igi, ó ku ọ̀la.

Lẹ́yìn ìrun Làásàrì ni wọ́n pè é sí gbọ̀ngán. Bàbá Zúbàírù, àbúrò bàbá rẹ̀, ló jókòó lórí àga. Sàbírátù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà lórí ẹní, ìyẹn tó ti lọ Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì tí kì í jẹ́ ká gbàgbé. Ùmmúkùlsùm wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mùnírà gbé ọmọ dání.

"Ṣàkírù," ni Bàbá Zúbàírù wí, "àwọn òbí Mahfuz ránṣẹ́ láti Sawaba. Wọ́n ní àwọn ò bínú. Wọ́n kàn ní ta ni yóò dúńbú àgbò lọ́la."

"Èmi ni, Bàbá. Ta ló tún kù?"

"Ìyẹn ni wọ́n ń béèrè."

Sàbírátù ti ṣí fóònù rẹ̀. Ó ti ìka sí fọ́tò náà, ó fẹ̀ ẹ́ títí awọ ẹran náà fi kún ojú fóònù. "Wò ó. Awọ rèé. Ọ̀rá rèé. Irú ẹ̀wà wo ló ní awọ?"

"Àǹtí, soya ni. Bí awara tí Rashida ń dín níwájú mọ́sálásí."

"Ó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí mo ti ń jẹ awara. N ò rí èyí tó sanra rí."

"Wọ́n kùn ún ni. Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe é."

"Ó dáa. Ẹni tí kì í jẹ ẹran, kí ló ń wá tó fi máa mú ẹ̀wà, tó máa jókòó tì í látàárọ̀, tó máa fi ṣe ẹlẹ́dẹ̀? Èmi ò mutí. Ṣé ẹ rí mi kí n máa rọ omi sínú ìgò bíà?"

"Èmi náà bi wọ́n. Wọ́n ní ẹnu ló ń ṣàárò rẹ̀."

"Ẹnu ta ni?"

"Ẹnu tiwọn, Àǹtí. Kì í ṣe tèmi."

"Ó dùn?"

Ṣàkírù kò mọ irọ́ pa. "Ó dùn."

"Hẹn," ni Sàbírátù wí, ó sì gbé fóònù lélẹ̀ bí ẹni tó ti parí ẹjọ́.

Bàbá Zúbàírù tún un gbé, ó sún un mọ́ ojú. "Kí ni ti bàbá oníkùn ńlá tó jókòó lẹ́yìn rẹ yìí?"

"Ère ni, Bàbá. Tiwọn ni. Mo kọ ẹ̀yìn sí i."

"Ẹ̀yìn lo kọ sí i," ni Sàbírátù wí, "ẹnu lo fi jẹ oúnjẹ rẹ̀."

Ohun tí Ṣàkírù bá sọ láti fi yọ ara rẹ̀, òun ni wọ́n tún ń fi mú un. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun pe ẹlẹ́rìí. Ó pe Godfred, ó tẹ fóònù kí gbogbo ilé lè gbọ́. Ó fi Twi bi í pé, "Godfred, sọ fún àwọn ẹbí mi, ṣé mo jẹ ẹlẹ́dẹ̀ ní Saigon?"

Godfred kò mọ̀ pé ilé ẹjọ́ lòun wà. "Mallam? Ìwọ kẹ̀? O jẹ ẹ́ tán pátápátá, egungun ló ṣẹ́ kù fún mi." Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á, fóònù sì já. Ṣàkírù tún un pè. Kò wọlé. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Kò wọlé.

"Àwàdà ló ń ṣe," ni Ṣàkírù wí.

"Bàbá mi kì í purọ́ koraa, rárá," ni Mùnírà wí, ọmọ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Bàbá Zúbàírù gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀. Èmi ò ní o jẹ ẹ́. Bó o bá tiẹ̀ jẹ ẹ́, ọ̀bẹ rẹ ò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ayé wà níbẹ̀. Lọ́la, kó o tó dé ìdí àgbò, sọ létí ìjọ pé ohunkóhun tó bá ti gba ẹnu rẹ kọjá lọ́hùn-ún, o tọrọ àforíjì. Ó parí. A ò ní dárúkọ nǹkan kan."

"Bí ẹ ò bá dárúkọ ẹ̀, Bàbá, kí ni wọ́n máa rò pé mò ń tọrọ àforíjì fún?"

"Ohun tí wọ́n ti ń rò náà ni."

"Ẹ ti dárúkọ ẹ̀ nìyẹn."

"Ṣé o ju ẹni tó ń tọrọ àforíjì lọ ni?" ni Sàbírátù wí.

"Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ ni mò ń tọrọ ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ mi pọ̀, Àǹtí, mo sì mọ gbogbo wọn lórúkọ. Èyí ò sí nínú wọn."

Ùmmúkùlsùm wá sọ̀rọ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Bàbá Mùnírà, ẹ sọ ọ́ ká rí ibi lọ. Ọmọ yín ló wà nílé ọkọ. Èmi gbà yín gbọ́."

Ṣàkírù yíjú sí i. "O gbà mí gbọ́?"

"Mo gbà yín gbọ́. Ẹ kàn ṣáà sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ̀ ọ́ lára ju ti Sàbírátù lọ. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn tí kò bá a pín èdè, tí kò bá a pín ẹ̀sìn, wọ́n gbà pé bó bá la nǹkan, ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń sọ. Àwọn tó bá a jẹ nínú àwo kan náà ní kó jẹ́wọ́ kó lè rí ọ̀bẹ mú. Bó bá sì jẹ́wọ́, ọmọ náà yóò dàgbà, wọn yóò máa júwe rẹ̀ pé ọmọ-ọmọ Ṣàkírù ẹlẹ́dẹ̀, kò sì ní sí ẹni tó lè jiyàn, nítorí ẹnu bàbá àgbà rẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́.

"Kí Mahfuz dúńbú àgbò rẹ̀," ló wí.

"Mahfuz ò mọ ọ̀bẹ í mú," ni Bàbá Zúbàírù wí.

"Kó kọ́ ọ."

"Ṣàkírù, àkọ́bí Mùnírà ni o. O fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ yọ ara rẹ?"

"Kì í ṣe ọwọ́ tèmi, Bàbá."

"Ẹ rí i?" Sàbírátù kọjú sí àwọn yòókù. "Ẹ rí ohun tí mo sọ? Ẹni tí kò bá jẹ ẹ́, kí ló máa le fún un níbẹ̀? Gbólóhùn kan ṣoṣo. Èmi tí mo lọ Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì, mo ṣì ń..."

Ṣàkírù dìde. Ó fọwọ́ kan orí ọmọ náà, ó kọjá lára ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rẹ̀, ó sì gba ìta lọ. Sàbírátù ṣì ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ó ti dé ibi ère, ó ń béèrè lọ́wọ́ Bàbá Zúbàírù pé tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ló kọ sí i lóòótọ́, ta ló wá kọjú sí i láti ya fọ́tò náà.