Ìdáríjì Tí Kì Í Ṣe Tèmi

Àwọn arúgbó tí àrùn ìgbàgbé ti mú ni mo máa ń ya àwòrán wọn. Òṣogbo ni mò ń gbé. Àwọn ọmọ wọn ló máa ń pè mí, wọ́n á ní kí n tètè wá ya ojú bàbá tàbí ìyá àwọn nígbà tó ṣì jọ ojú tí àwọn mọ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé iṣẹ́ àánú ni. N kì í sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Iléṣà ni bàbá kan wà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, aránṣọ, ló ń tọ́jú rẹ̀. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń wọkọ̀ lọ. Bàbá kì í jókòó jẹ́ẹ́. Bí mo bá ti ń fa ìlà imú rẹ̀, ó ti dìde, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ kíláàsì tó ti fi sílẹ̀ láti ogún ọdún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi lọ, tí n kò rí ojú kankan mú bọ̀.

Ní Sátidé kẹrin, ọmọ rẹ̀ wà ní yàrá iwájú, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ń dún. Bàbá tẹjú mọ́ mi.

"Àbúrò mi, ìwọ rèé?"

Ó yẹ kí n sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n ó ti jókòó, ó ti dákẹ́, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé sì bọ́ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ gẹ́lẹ́ bí mo ṣe ń fẹ́ ẹ.

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi," ni mo wí. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní òun lòun fi iná sílẹ̀ lóko kòkó bàbá àwọn ní Ifẹ̀wàrà lọ́jọ́ tí oko jó, òun lòun sì sọ fún bàbá pé àbúrò òun ni. Wọ́n yọ àbúrò kúrò nílé ìwé nítorí ẹ̀. Òun ń kàwé lọ. Omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Ṣé o lè dárí jì mí?"

Mo ń kun ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀ lọ́wọ́. N kò fẹ́ kó mira.

"Mo ti dárí jì yín," ni mo wí, bí ìgbà téèyàn ń dáhùn pé òun ti jẹun.

N kò tíì ya àwòrán tó dára tó ìyẹn rí. Nígbà tí mo pàtẹ rẹ̀ ní Òṣogbo, àwọn èèyàn ń dúró pẹ́ níwájú rẹ̀. Ọmọ bàbá náà wá. Ó wò ó títí.

"Bọ̀dá, dádì ń sunkún níbí yìí. Kí lẹ ṣe fún wọn?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní mo rò pé àbúrò náà ti kú.

"Ta ló sọ fún yín pé wọ́n ti kú? Ifẹ̀wàrà ni wọ́n wà. Wọn kì í wá sílé wa ni. A ò mọ ìdí rẹ̀ rí, àfi òní."

Mo já àwòrán náà kúrò lára ògiri lójú ẹsẹ̀, mo ní kó máa mú un lọ. Ó ní òun kò fẹ́ ẹ nílé òun. Ohun kan ṣoṣo tó ní kí n ṣe ni pé kí n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí òun bá pe àbúrò bàbá òun.

Àgbẹ̀ ni àbúrò náà; ó dé sí Iléṣà ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání. Ó jókòó dojú kọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni."

"Ẹ káàbọ̀, sà," ni bàbá wí, bí ẹni ń kí àlejò. Ó rẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi wá síbí. Ó ti dárí jì mí."

Àgbẹ̀ náà yíjú sí mi. Kò pariwo.

"Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń retí kó sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ìwọ ló wá sọ ọ́ fún. Ṣé Ifẹ̀wàrà jìnnà jù ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Kò sọ pé kí n dìde. Bàbá ló ń wo gbogbo wa lójú.

"Kí ni ọmọ yìí ṣe?" ló bi wá.

Àbúrò rẹ̀ bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó fi lé e lọ́wọ́.

Mo gbọ́ pé àbúrò náà ń wá ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ báyìí, ó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bàbá sì ń pè é ní àlejò. Èmi kò tíì lè padà lọ.