Orúkọ Tí Wọ́n Gbọ́ Ṣáájú Mi

Òórùn eruku gbígbóná ló máa ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Màá ti ṣíìfù dé láti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Abbey Wood, ní London, ẹsẹ̀ mi á ti wú, màá ṣílẹ̀kùn fláàtì wa ní Thamesmead, màá sì ti mọ̀ pé ọkọ mi ti tan kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn. Á gbé e sórí tábìlì oúnjẹ, á kó àwọn díìsìkì pẹlẹbẹ tó ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí yí i ká, á máa rẹ́rìn-ín sí i. Ọ̀rẹ́ mi, mo jowú. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mò ń jowú ẹ̀rọ.

Kí ìńtánẹ́ẹ̀tì tó délé gbogbo èèyàn, òyìnbó kan ní Shooters Hill so kọ̀ǹpútà mọ́ wáyà fóònù ilé rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ á fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ pè é, fóònù á han goooro, á sì wọlé ka ohun tí àwọn ẹlòmíì kọ sílẹ̀, bíi pátákó ìkéde. Ẹnì kan ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan. O kọ tìẹ, o jáde fún ẹlòmíì. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London, ibẹ̀ ni ọkọ mi ti lọ́rẹ̀ẹ́. Mo rò pé ó ti gbàgbé wọn, àfi ìgbà tí òyìnbó náà, tó ti darúgbó, ní òun fẹ́ kó gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn jọ síbi tí kò ti ní parun, tí ọkọ mi sì gbé kọ̀ǹpútà yẹn jáde láti wá èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkùnrin tó jẹ́ pé tó bá wa bọ́ọ̀sì dé, "kú ilé" àti "oúnjẹ dà" lọ̀rọ̀ rẹ̀ ń mọ, ló wá ń ròyìn obìnrin kan ní Barnfield tó máa ń dá a lóhùn lójoojúmọ́.

"Ṣé ẹ ti rí i rí?" mo bi í.

"Rárá o, Mummy. Ọ̀rọ̀ nìkan la jọ ń sọ."

Ọ̀rọ̀ nìkan! Ohun tí èmi ò rí gbà gan-an nìyẹn.

Nígbà tí òyìnbó náà pe gbogbo wọn sílé lọ́sàn-án Sátidé kan, mo ní mò ń bá a lọ. Mo múra dáadáa, kí ará Barnfield lè mọ̀ pé ọkùnrin yìí ní ìyàwó. Àṣé ìyá arúgbó ni, ará Jàmáíkà, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó gbá ọwọ́ mi méjèèjì mú, omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó sì pè mí ní ìyá ẹnì kan tí mi ò mọ̀. Ahọ́n rẹ̀ lọ́ orúkọ náà díẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ni. Mo wo ọkọ mi. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ọmọ wa àkọ́kọ́ ló ni orúkọ náà. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò láyé, kò dé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́" ni ọkọ mi sọ fún mi nígbà náà, ó sì pa ọ̀rọ̀ náà dé. Mo rò pé kò dùn ún ni. Mi ò mọ̀ pé ó ti yan orúkọ sílẹ̀, pé àwọn àjèjì wọ̀nyí ló sọ ọ́ fún, tó sì fi oṣù méjì sunkún sí wọn lọ́rùn.

"Èmi tí mo lóyún ẹ̀, ẹ ò lè sọ fún mi?" mo bi í nígbà tí à ń padà sílé.

"Ẹ̀rù bà mí," ó ní. "Tí mo bá pe orúkọ yẹn lójú ẹ, mi ò ní lè dìde mọ́. Àwọn yẹn ò rí ojú mi."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni òyìnbó náà fi ìwé ránṣẹ́, pé ṣé kí òun tọ́jú ohun tí ọkọ mi kọ, àbí kí òun pa á rẹ́. Mo fẹ́ kó pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ kà á. Ìka ọwọ́ ọmọ náà wà níbẹ̀, àti irun rẹ̀, àti bí mo ṣe kọ̀ tí mi ò jẹ́ kí nọ́ọ̀sì ká bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. A ò ní fọ́tò kankan. Tí wọ́n bá pa á rẹ́, kò sí ibòmíì láyé tó máa fi hàn pé ọmọ yẹn wá.

"Ẹ ní kí wọ́n tọ́jú ẹ̀," mo sọ fún un. "Ṣùgbọ́n kí wọ́n yọ orúkọ ọmọ náà kúrò." Wọ́n yọ ọ́.

Mo ṣì ń jowú wọn. Ogún ọdún ni wọ́n fi mọ orúkọ ọmọ mi ṣáájú mi. Ó kàn ti wá yé mi pé àwọn ló bá wa pọ̀n ọ́n nígbà tí èmi àti bàbá rẹ̀ ò lè wojú ara wa. Orúkọ náà ńkọ́? Ìwọ náà, ọ̀rẹ́ mi, mi ò ní sọ ọ́ fún ẹ. Ó pẹ́ kó tó kàn mí.