Thérèse Kò Wẹ Ọmọ Mọ́

Bí ẹ bá rí ọmọ ogún ọdún kan ní agbègbè Ifangni tí orí rẹ̀ rí roboto, tí ara rẹ̀ kì í sì í rùn bó ti wù kó làágùn tó, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Thérèse ló wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ṣe olùrànlọ́wọ́ ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré tiwa, ìwẹ̀ ọmọ tuntun sì ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Kí ìyá tó mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo, Thérèse á ti gbé ọmọ sínú abọ́, á ti fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú bó ọ̀rá funfun ara rẹ̀ kúrò, á sì ti fi omi gbígbóná tọ́ orí rẹ̀. Àwọn ìyá ọkọ máa ń ti Tchaada wá nítorí ọwọ́ rẹ̀. Èmi Fáyọ̀kẹ́, tí mò ń wọn ọmọ, tí mo sì ń kọ káàdì níbẹ̀, mo rí bí àwọn àgbà obìnrin ṣe ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tí kò kàwé kọjá CM2, ìparí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Inú rẹ̀ máa ń dùn, kò sì fi pa mọ́.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n pè é sí Àjàṣẹ́ fún formation, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní àwọn ti ṣe ìwádìí lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ. Wọ́n ní bí ọmọ bá ti wáyé, kí a nù ún gbẹ, kí a gbé e ní ìhòòhò lé ìyá rẹ̀ láyà, kí a da aṣọ bo àwọn méjèèjì, kí a dé e ní fìlà, kí omi má sì kàn án títí di ọjọ́ kejì. Ọ̀rá funfun yẹn, aṣọ tí Ọlọ́run fi wọ̀ ọ́ ni. Omi ló ń kó ooru ara ọmọ lọ, èyí tó bá sì kéré, bó bá tutù tán, ó lè má móoru mọ́.

Thérèse dé, kò sọ̀rọ̀ fún odidi ọjọ́ kan. Mo rò pé wọ́n bú u níbẹ̀ ni. Ní ọjọ́ kejì ó gbé abọ́ ìwẹ̀ jáde, ó ní kí wọ́n máa fi bu omi fún ewúrẹ́.

Ibẹ̀ ni ìyọnu bẹ̀rẹ̀. Madame Sadatou, agbẹ̀bí ìjọba tó jẹ́ ọ̀gá wa, lẹ ìwé ńlá kan mọ́ ògiri, Faransé látòkè délẹ̀. Ta ni yóò kà á? Àwọn olùkọ́ Àjàṣẹ́ ṣèlérí fìlà, ṣèlérí aṣọ ìbora, ṣèlérí ohun tí a fi ń wọn ooru ara. Ohun ìwọn-ooru ẹyọ kan ṣoṣo ló dé, bátìrì rẹ̀ sì kú ní oṣù kẹta. Wọ́n ń wá bẹ̀ wá wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. “Ṣé ẹ ń ṣe é?” “À ń ṣe é.” Wọ́n á fàmì sí ìwé, wọ́n á lọ. Wọn kò dé ẹ̀yìn ilé ìyàgbẹ́ rí, níbi tí àwọn ìyá ọkọ ti ń fi tẹ́mọ́ọ̀sì omi gbígbóná tí wọ́n gbé pa mọ́ sábẹ́ aṣọ wọlé wẹ ọmọ ní ìkọ̀kọ̀. Mo bá kànìnkànìn nínú àpò búrẹ́dì rí. Inú bí mi débi pé mo jù ú sórí òrùlé.

Èyí tó wá burú jù ni pé ẹnu Thérèse fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Irọ́ ni. Ti Thérèse kò fọ́. Ó pa, ó di adìẹ, ó ń jẹ kiri gbogbo abúlé. Kò sí ohun tó sọ fún wọn tí wọn kì í sọ fún un pé, “Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa.” Àwọn aláwàdà wá ń pè é ní Ìyá Má-wẹ̀-ẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi tí mo bá a jókòó mọ̀ pé ó ń dùn ún.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá ni Fawziath, ìyàwó Latifou, bí ọmọkùnrin kan lówùúrọ̀. Oṣù rẹ̀ kò pé. Mo wọ̀n ọ́n, kò tó kílò méjì. Madame Sadatou ti lọ sí ìpàdé. Thérèse nu ọmọ náà, ó dì í mọ́ àyà ìyá rẹ̀, ó sì rọra sọ fún mi pé, “Fáyọ̀kẹ́, bí eléyìí bá tutù kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, a ti pàdánù rẹ̀.” A kò ní ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ móoru, ọ̀nà ilé ìwòsàn ńlá sì jìn.

Kò pẹ́ tí Ìyá Latifou fi ti ibi tó ti ń fọ epo pupa dé. Kò tiẹ̀ fi tẹ́mọ́ọ̀sì tirẹ̀ pa mọ́.

“Màmá Thérèse, abọ́ dà?”

“Ẹ káàbọ̀, Ìyá Latifou. Ẹ kú ewu ọmọ. Ọ̀la, ní dédé àkókò yìí, ẹ ó wẹ̀ ẹ́.”

“Ọ̀la kẹ̀? Mais, ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ mi máa rùn títí yóò fi gbé ìyàwó ni?”

“Kò ní rùn.”

“Ta ló sọ fún mi pé yóò rùn? Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni?”

“Èmi ni.”

“Latifou ńkọ́? Nínú ọyẹ́ kọ́ ni mo bí i? Ta ló wẹ̀ ẹ́?”

“Èmi ni. Ṣùgbọ́n Latifou lé ní kílò mẹ́ta. Eléyìí kò tó méjì.”

“Bon. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.” Ó ṣí ìdérí tẹ́mọ́ọ̀sì.

Mo fi ìwé ara ògiri hàn án. Ó ní, “Fáyọ̀kẹ́, ṣé ìwé yẹn ni yóò bá wa pọ̀n ọ́n?” Thérèse pe Madame Sadatou lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e. Fawziath ń wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó ń wo Thérèse, ó sì ti ń tú aṣọ tí a fi di ọmọ mọ́ ọn láyà. Ìyàwó wo ló máa sọ pé rárá? Èmi ì bá da omi náà nù.

Thérèse kúnlẹ̀. Ó ju Ìyá Latifou lọ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀.

“Ìyá Latifou, ẹ rántí èyí tí ẹ bí tẹ̀lé Latifou.”

“Má dárúkọ àbíkú yẹn níbí!”

“Kì í ṣe àbíkú. Kò ju báyìí lọ. Nínú ọyẹ́ ni, mo sì wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè mọ́ dáadáa. Ètè rẹ̀ ń dúdú lọ lọ́wọ́ mi. Mo wé e, mo gbé e fún yín, ó sì lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. N kò mọ̀ nígbà náà. Nígbà tí obìnrin tó kọ́ wa ní Àjàṣẹ́ ń ṣàlàyé bí ọmọ ṣe ń tutù kú, ọmọ yín ni mò ń rí.”

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá a ṣiṣẹ́, n kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Latifou gbé tẹ́mọ́ọ̀sì kalẹ̀. Ó wo Thérèse títí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀.

“Wọ́n gé e létí kí wọ́n tó sin ín, kó má baà padà wá. Èmi ni wọ́n ní kí n dì í mú.”

Lẹ́yìn náà ó jókòó sétí ibùsùn, ó bọ́ bùbá rẹ̀, ó ní kí n gbé ọmọ wá, kí Fawziath lè sùn. Mo dì í mọ́ ọn láyà. Kò sọ ọ́ kalẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, lẹ́yìn náà òun àti Fawziath ló ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn títí di ọjọ́ kejì.

Ọmọ náà ti ń rákò báyìí. Ìyá Latifou máa ń gba iwájú ilé ìgbẹ̀bí kọjá lọ sọ́jà. Thérèse máa ń kí i, kì í dáhùn.

Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìbímọ yẹn, obìnrin mìíràn bí. Mo rí ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń gbé omi ka iná lábẹ́ igi, mo sì sáré wá sọ fún Thérèse. Kò dìde. Ó ní:

“Fáyọ̀kẹ́, ṣé bí n ó ṣe máa sọ ọ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nìyí?”

Mo fẹ́ bi í pé ọmọ mélòó ló lọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu mi kò gbà á.