Ọjọ́ Tí Mélòó Wá Wo Yàrá Wa

Ìgbà tí mo ṣì kéré ni mò ń sọ, tí eyín iwájú mi méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí ní Aláfèrèsé. Òyìnbó ṣì wà ní Ìbàdàn nígbà náà, ó ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí bí agbo ilé ṣe rí ní Ìwó kí ayé tó di ayé búlọ́ọ̀kù. Ẹnu ọ̀nà kan là ń gbà wọlé láti ojú pópó, àgbàlá kan ló wà láàárín, yàrá wá tò yí i ká. Ògiri amọ̀ ni. Apá kan òrùlé wa jẹ́ páànù tó ti dógùn-ún, apá kejì jẹ́ koríko bẹẹrẹ. Tí òjò bá ń rọ̀, ẹni tó wà lábẹ́ páànù kì í gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹni tó wà lábẹ́ koríko kì í gbẹ.

Kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni yàrá ìyá tó bí bàbá mi wà. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ògiri kan nínú yàrá náà ti là láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n wá fi igi kan tì í láti inú, a sì máa ń fi aṣọ wa kọ́ sára igi náà bí ẹni pé tìtorí aṣọ ni wọ́n ṣe gbé e síbẹ̀. Òwú ni Ìyá Àgbà ń ran, nítorí náà yàrá wọn máa ń ta òórùn òwú tuntun àti òrí àti ẹ̀pà yíyan tí wọ́n ń so mọ́ etí ìró. Ibẹ̀ ni gbogbo ọmọ ilé ń fẹ́ sùn. Tí a bá ṣeré òṣùpá tán, kì í ṣe yàrá ìyá tó bí ọmọ ni ọmọ ń lọ, ibi tí ẹní bá ti ṣí sílẹ̀ ni. A ó tò bí ẹja inú apẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹnì kan lẹ́nu ẹnì kejì. Ẹni tó bá tọ̀ sórí ẹní, òun ni yóò ru ẹní náà yí àgbàlá ká láàárọ̀, àwa yòókù yóò máa tẹ̀lé e, a ó máa pàtẹ́wọ́. Èmi náà ti rù ú rí. Ẹ má bi mí ní iye ìgbà.

Iṣẹ́ pọ̀. Kí oòrùn tó yọ, a ti gbé òṣùká lérí, a ti dé odò, a ti padà, ìdajì omi ti dà sí wa lẹ́yìn. Èyí tí mo kórìíra jù ni kí wọ́n ní ká lọ ṣa ìgbẹ́ màlúù lẹ́yìn àwọn Fúlàní, ká wá fi pa ilẹ̀ yàrá. Ọwọ́ yẹn náà la ó fọ̀, fọ̀, fọ̀, tí a ó fi jẹ èkuru lọ́sàn-án. Èkuru funfun, tí ata díndín pọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀! Abọ́ kan ni gbogbo wa ń jẹ. Ẹni tó bá bu òkèlè méjì lẹ́ẹ̀kan, yóò dúró lẹ́sẹ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà, yóò máa wò wá títí abọ́ yóò fi dán.

Ẹni tí àwọn àgbà ilé wa ń bẹ̀rù jù láyé ni wolé-wolé, tó ń wá yọjú sínú ìkòkò omi bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti wolé-wolé ṣì dára, a mọ ohun tó ń wá. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ẹnì kan dé tí a kò mọ ohun tó ń wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin akọ̀wé kan láti Ìbàdàn ni, ó wọ ṣòkòtò kakí kúkúrú, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Bó ṣe rí Baálé wa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku pẹ̀lú kakí tí wọ́n lọ̀. Ìyẹn gan-an ló kó jìnnìjìnnì bá àwọn àgbà. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá dọ̀bálẹ̀ báyìí, ohun tó fẹ́ gbà ò ní kéré.

Ó ní ìjọba fẹ́ mọ bí àwọn ènìyàn àdúgbò àtijọ́ ṣe ń gbé: ilé wọn, yàrá wọn, omi wọn, ẹni tó ní àti ẹni tí kò ní. Ló bá bẹ̀rẹ̀.

“Bàbá, ilé mélòó ló wà níbí?”

“Ọ̀kan,” Baálé dáhùn.

Akọ̀wé wo òrùlé tó yí i ká. “Ta ló ni ín?”

“Bàbá wa ni.”

“Ṣé mo lè rí wọn?”

“Wọ́n ti kú kí wọ́n tó bí mi.”

Ó gbé gègé sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. “Ènìyàn mélòó ló ń gbé inú rẹ̀?”

“A kì í ka ọmọ ènìyàn bí ẹní ka iṣu. A pọ̀, alhamdulilahi.”

Ó wá béèrè pé nínú wa, tálákà mélòó ló wà. Ìyàwó Baálé, tí ẹnu wọn mú ju abẹ lọ, tí mo sì rò pé ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti jogún ẹnu tèmi, gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. “Tálákà? Ó kọjá níbí láàárọ̀, akọ̀wé. Ó jọ pé ilé kejì ló yà sí.”

Ọjọ́ náà ni àwa ọmọdé sọ ọ́ lórúkọ: Mélòó. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́la láti wo inú yàrá.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu àwọn àgbà nígbà tó lọ. Obìnrin kan tó ń ná ọjà Ìbàdàn ti mú ìròyìn wálé pé irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣáájú, àwọn tó ń kun ọ̀dà pupa sára ilé ló ń tẹ̀lé e, àwọn tó ń wó ilé ló sì ń kẹ́yìn. Yàrá tó bá ti là tí ọmọ sì kún inú rẹ̀, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ kùn. Wọ́n ní ilẹ̀ kan lọ́nà Kúta ni wọn óò kó àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ lọ. Yàrá ta ló là? Yàrá ta lọmọ kún? Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà. Wọ́n ń ran òwú wọn lọ, ṣùgbọ́n mo rí i pé òwú náà ń já, wọ́n sì ń so ó. Èmi kò mọ ìjọba, mo mọ̀ pé lọ́nà Kúta, àfi igbó àti ewúrẹ́. Ta ni yóò máa tú ẹ̀pà fún mi?

Ìyàwó Baálé ló ní ọgbọ́n tí a ó dá. Bẹ́ẹ̀dì onírin kan ṣoṣo ló wà nílé wa, ti àbúrò bàbá mi tó ti òwò Kùmásì dé, tí a ń pè ní Bàbá Kùmásì. Bẹ́ẹ̀dì tẹ́ẹ́rẹ́ ni, orí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dán bí wúrà, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fìdí kàn án. Ìyàwó Baálé ní kò sí bí ìjọba ṣe máa wó yàrá tó ní bẹ́ẹ̀dì, ó sì yẹ kí gbogbo yàrá ní in.

“Bẹ́ẹ̀dì mi?” Bàbá Kùmásì pariwo. “Ẹ̀yin ìyàwó ilé yìí, ṣé orí yín pé?”

Ìyá Àgbà gbójú sókè. “Múráínà, ẹ̀yìn mi yìí lo sùn sí kí o tó mọ bẹ́ẹ̀dì.”

Ọ̀rọ̀ parí.

Yàrá wa ní ilẹ̀kùn méjì-méjì, ọ̀kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan sí ẹ̀yìnkùlé, ti ẹ̀yìnkùlé sì fẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹrù oko ń gbà wọlé. Ètò náà ni pé kí Baálé mú Mélòó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n máa pìtàn fún un lẹ́nu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, kí àwọn gìrìpá mẹ́rin sì máa gbé bẹ́ẹ̀dì gba ẹ̀yìn sá lọ síwájú. Ìrọ̀rí ni iṣẹ́ tèmi. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìgbéraga pa mí lọ́jọ́ náà? Èmi, Aláfèrèsé, mo gbé ìrọ̀rí Bàbá Kùmásì mọ́yà!

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò ni Sìkírá, ọmọ ọdún mẹ́ta tí Bàbá Kùmásì bí. Bí àwọn àgbà ṣe ń jiyàn lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti gun orí bẹ́ẹ̀dì, ó ti sùn fọnfọn. Mélòó ti wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí wọ́n bá jí ọmọ náà, yóò ké. Ni wọ́n bá gbé e pọ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ní yàrá Baálé, Mélòó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo ọmọ, ó mi orí, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní yàrá tó tẹ̀lé e, ó dúró.

“Ọmọ yìí jọ ti yàrá tí a ti ń bọ̀.”

“Ìbejì ni wọ́n,” ni Ìyàwó Baálé fèsì. “Táíwò lẹ rí lẹ́ẹ̀kan. Kẹ́hìndé nìyí.”

Ní yàrá kẹta, ó fi gègé tọ́ka. “Èyí náà ńkọ́, mà?”

“Ìdòwú wọn ni.”

“Òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ga bákan náà.”

“Ó tètè dàgbà ni. Oúnjẹ pọ̀ nílé wa.”

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan yàrá Ìyá Àgbà. Wọ́n ti fi aṣọ òkè bo ojú ògiri tó là, wọ́n sì ti lé àwọn ọmọ lọ sódò. Àwọn gìrìpá ti rẹ̀, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀dì kalẹ̀ gbàgà, mo sọ ìrọ̀rí lé e, kí a tó sá jáde Mélòó ti wọlé. Sìkírá la ojú. Ó wo àwọn mẹ́rin tí òógùn ń dà lára wọn.

“Ṣé a ti dé ni?” ó ní. “Ẹ tún gbé mi! Ẹ tún gbé mi!”

Mélòó wo Sìkírá, ó wo àwọn gìrìpá, ó wo ìyàwó Baálé, tí wọ́n ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan lórí àjà. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì náà, èyí tí èmi ò jókòó lé rí láyé mi. Nígbà tó nu ojú tán, ó rọra dìde, ó ká aṣọ òkè kúrò lára ògiri. Ó wo ibi tó là. Ó wo igi. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Láti àárọ̀, Ìyá Àgbà ti ń fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀ nítorí ìjọba. Wọ́n pa “ẹ” tì. “Ọmọ mi, bí o bá ní kí wọ́n wó o, wọn óò wó o. N ò ní bá ìjọba jà. Wọ́n ní yàrá tó dára lẹ ó fún mi lọ́nà Kúta. Mo gbọ́. Àmọ́ tí ọmọ bá sunkún nínú àwọn tó wà nílé yìí, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Lọ́nà Kúta, ẹkún ta ni mo fẹ́ gbọ́?”

Mélòó tún mú gègé. “Ìyá, ọmọ mélòó ló ń sùn níbí?”

“Àwọn tí oorun bá bá níbí ni.”

Ó kọ nǹkan kan sílẹ̀, ohun tó kọ, Ọlọ́run ló yé. Ìyá Àgbà gbé èkuru fún un, ó jẹ ẹ́ tán pátápátá, a sì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tí à ń fi ojú bá a ka òkèlè. Nígbà tó ń lọ, ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n gbé igi kejì ti ògiri náà kí òjò tó dé. Ó gba Ilé-Ogbó lọ láti lọ béèrè tiwọn.

A retí ọ̀dà pupa títí. Kò dé. A retí omi ẹ̀rọ. Kò dé. Páànù tuntun náà ò dé. Ìjọba ti mọ bí a ṣe ń sùn, ó sì jẹ́ ká máa sùn. Bàbá mi àti àwọn àbúrò wọn ló po amọ̀, wọ́n dí ògiri náà, wọ́n gbé igi kejì tì í. Inú yàrá náà ni Ìyá Àgbà darúgbó sí tí wọ́n fi kú, tí ọmọ sùn yí wọn ká.

Ṣé ẹ wá fẹ́ mọ ẹni tó wó o? Àwọn ọmọ ilé ni. Kò sí ọ̀dà, kò sí akọ̀wé, ìpàdé ẹbí ni wọ́n fi wó o. Búlọ́ọ̀kù ló wà níbẹ̀ báyìí, ó ní gíláàsì, ó ní táìlì, omi ń yọ nínú ilé, yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. N ò ní parọ́ fún yín, ó dára. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ ìgbẹ́ màlúù dùn, ẹ bi í bóyá òun ló ṣa ìgbẹ́. Àwọn ọmọ yunifásítì pẹ̀lú ń wá sọ́jà tí mo ti ń tajà báyìí, wọ́n ń béèrè ta ni tálákà. Ayé ti yí: gbogbo ọwọ́ ló ń nà sókè. Aládùúgbò ìsọ̀ mi tó ń ta léèsì kọ́kọ́ yọ yẹtí wúrà rẹ̀ sínú báàgì kó tó ní òun ò jẹun láti àná.

Iléyá tó kọjá, mo gbé ẹran lọ bá wọn ní agbo ilé. Mo dé ibi tí yàrá Ìyá Àgbà wà tẹ́lẹ̀, mo kan ilẹ̀kùn onírin. Ọmọbìnrin kékeré kan yọjú láti ojú fèrèsé, kò ṣílẹ̀kùn, ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ dáadáa. Bàbá-bàbá rẹ̀ àti èmi, ẹní kan náà la jọ sùn, ṣùgbọ́n kò mọ̀ mí.

“Mọ́mì ò sí nílé. Kí lẹ fẹ́, mà?”

Mo wo ilẹ̀ tí mo dúró lé. Mo ní oorun ni mo wá wá.

Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ìyá rẹ̀ to bisikíìtì àti ọṣẹ tí wọ́n ń tà sí. Ó wò ó dáadáa, ó yíjú padà sí mi.

“Ẹ má bínú, mà. A kì í tà á.”