Tregilgas, Ọ̀gá Agbábọ́ọ̀lù Boulder

Ọdún 1899 ni Ambrose Tregilgas dé Boulder, níbi tí a ti ń wa wúrà. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè pẹ̀lú fìlà tuntun lórí, ó ní òun ti gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ńlá kan ní Melbourne. Kò sẹ́ni tó bi í pé ìgbà mélòó. Máníjà ibi ìwakùsà wa, tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ń pa bí ọtí, fún un níṣẹ́ akọ̀wé lábẹ́ ibòòji, àwa yòókù ń wọ kòtò lọ. Ó tún sọ ọ́ di olórí ikọ̀ wa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko ni orúnkún fi ń dùn ún. Ìyáàfin Hannigan tó gbà á sílé fi òróró pa á títí, ṣùgbọ́n Sátidé-Sátidé, ọjọ́ eré, ni ìrora náà ń dé. Tó bá di Mọ́ńdè, ó ti lọ.

“Ọmọ mi,” ni ìyá náà wí, “orúnkún rẹ yìí mọ kàlẹ́ńdà ju àlùfáà lọ.”

Ní Sátidé karùn-ún, máníjà ní dandan ni kó gbá. Pápá wa kò ní koríko, erùpẹ̀ pupa lásán ni. Nínú eré tiwa, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kéèyàn gun ẹlòmíì kó tó fọwọ́ hán bọ́ọ̀lù, ẹni tó bá sì hán an ni yóò gbá a láìsí ìdíwọ́. Tregilgas gun ẹ̀yìn Dinny Scallan, ọmọ ikọ̀ Kalgoorlie tí a ń bá figagbága, ó sì hán bọ́ọ̀lù lókè réré. Kí n má purọ́, ó dùn ún wò. Ó wá ku kó gbá a sáàárín òpó góòlù, ìgbésẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó fa ìbọ̀sẹ̀ sókè, ó fọwọ́ tún irun ṣe, ó sáré bọ̀, ó sì gbá ilẹ̀. Eruku sọ lálá. Nígbà tó rọlẹ̀, bọ́ọ̀lù jókòó jẹ́ẹ́ níwájú rẹ̀.

Scallan wò ó, ó wo bọ́ọ̀lù.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n máa gbé e lọ, àbí ẹ ṣì ń lò ó?”

Ó gbé e lọ lóòótọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti nà wá. Tregilgas bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń so okùn bàtà tí kò tú. Mo sún mọ́ ọn. Ó bẹ̀ mí pé kí n má wo ojú òun.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìbátan ọ̀kan nínú wa kọ lẹ́tà láti Melbourne: ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Tregilgas gbá fún ẹgbẹ́ ńlá ọ̀hún kí wọ́n tó ní kó máa lọ. Máníjà gba gègé lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un ní ṣọ́bìrì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò nínú kòtò.

Ẹ rò pé ó sá kúrò nílùú ni? Olóòtú ìwé ìròyìn wa ń wá ẹni tí yóò máa kọ̀wé nípa bọ́ọ̀lù, Tregilgas sì gba iṣẹ́ náà. Ọdún méjìlélógún ló fi kọ́ wa bí a ṣe ń gbá a. Ó kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ mi wúwo, pé Scallan kò mọ ojú òpó. Scallan ò bínú. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń ra ìwé ìròyìn náà. Ó ní bébà rẹ̀ rọ̀, ó dára fún ilé ìyàgbẹ́.